Ìborùn Ìyá Abẹ́rẹ́

Ọmọ ọmọ mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sójú fèrèsé yàrá mi, ó fi àgbọ̀n lé apá, ó ń wo ojú ọ̀nà. Mo bi í pé kí ló ń wò, ó ní òun ń wò ó bóyá ìyá òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Abẹ́rẹ́ là ń pè é, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń ránṣọ. Ọmọ tí mo bí nínú mi nìyá rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bó bá gé aṣọ tán, á fà á. Bí oníbàárà bá múnú bí i, á tún fà á. Yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà náà ni ọmọ ń sùn sí. Á ṣí fèrèsé, á tan fáànù, á ní èéfín ti jáde. Mo bá a jà títí ohùn mi fi há.

Abẹ́rẹ́ sì ní ikọ́ fée. Ìgbà tó ń mí gúlegúle la gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tán, mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo ní kò ní padà sínú èéfín yẹn lójú ẹ̀mí mi. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jiyàn. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ikọ́ náà lọ, àárò ìyá rẹ̀ ni kò lọ. Nígbà tí mo rí i pé ọmọ ò jẹun mọ́, mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó fi ìborùn tó máa ń dà bo èjìká nídìí ẹ̀rọ ránṣẹ́. Nígbà tó dé, Abẹ́rẹ́ fi bojú, ó ní, "Màmá mi nìyí." Ó jẹun yó. Mo ń yin ara mi bí ẹni tó ṣe oògùn tuntun.

Lọ́jọ́ kẹta, ikọ́ padà dé.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnì kan ń mu sìgá nílé mi. Mo búra pé kò sí. Ó wo ìborùn tí ọmọ dì mọ́ra, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí mi. Sìgá ni. Èmi tí mo ń pariwo sìgá kiri, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wọlé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Mo ti to èébú jọ dè é, àmọ́ nọ́ọ̀sì ò bú u. Ohun tó ń fẹ́ jù lọ ló bi í.

"Kí ọmọ mi padà wálé," ni ọmọ mi wí. "Tó bá ti di àkókò oorun ọ̀sán rẹ̀, mo ṣì máa ń tẹ ẹ̀rọ jẹ́jẹ́ kí n má bàa jí i. Kò dẹ̀ sí níbẹ̀."

Mo gbé gbogbo èébú mi mì.

"Ká jọ ṣe é nígbà náà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kí ẹ jáwọ́ pátápátá ló dáa jù, a ó sì ràn yín lọ́wọ́. Àmọ́ láti òní lọ, ẹ má tan sìgá nínú ilé mọ́. Fáànù ò lè lé èéfín tán. Ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ bẹ́ẹ̀dì."

Ó ní bí kò bá tíì lè ṣe kó má fà á, kó jìnnà sílé, kó wọ ẹ̀wù kan tí kò ní bá a wọlé, kó sì fọ ọwọ́ àti ẹnu kó tó gbé ọmọ. Bí sìgá bá ń wù ú, kó máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan; láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọlẹ̀.

Ọmọ mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ títí ojú fi ń ro ó. Ó fọ kọ́tìnì, ó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó fọ ìborùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún padà fa sìgá, ó sọ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì, ó ti jáwọ́. Ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ó na ìborùn sí i. Abẹ́rẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Èyí kì í ṣe ti màmá mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ wọra. Èéfín ni ọmọ fi dá a mọ̀ láti ìgbà tó ti bí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní kó gbóòórùn ọrùn òun. Abẹ́rẹ́ fi imú síbẹ̀, ó pẹ́.

"Ọṣẹ ni," ló wí.

"Ọṣẹ ni màmá rẹ báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin bàbá náà, ẹni tó ń fa sìgá kì í sábà gbóòórùn rẹ̀ lára ara rẹ̀ mọ́, àmọ́ àyà ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ má fà á nínú ilé, ẹ má fà á nínú ọkọ̀, kódà bí ọmọ ò bá sí níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọn ò ní bú yín. Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ dín ariwo kù, ẹ bá wọn wá ìrànlọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ ti padà sílé ìyá rẹ̀, ó ń sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Èmi ni mo kù sójú fèrèsé, tí mò ń wo ojú ọ̀nà.