Kò-dá-mi-lójú àti Eré Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́ pé kò dáa," ni ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí tábìlì nínú kíláàsì wí. "Ìyókù á yé wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Kò-dá-mi-lójú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí wọ́n bá ní fíìmù kan dùn, á ní kò dá òun lójú. Bí wọ́n bá ní oògùn kan ń múni ga, á ní kí wọ́n fi ẹni tó lò ó tó ga han òun. Èyí ló mú kí ìyá tó ń kọ́ wọn ní èdè, tí wọ́n ń pè ní ìyá olùkọ́, tó sì ń bójú tó ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, fún un ní igun kan lórí pátákó ìròyìn, níbi tó ti ń kọ èrò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá yin nǹkan, àwọn ọmọ á kà á, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bó bá bú nǹkan, wọ́n á há a sórí, wọ́n á máa sọ ọ́ kiri. Òun náà ti fura: èébú ló ń kó èèyàn jọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, géèmù tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú ló gba ẹnu gbogbo wọn. Eré ìbọn yíyìn ni. Ìwọ tó ń gbá a ni ẹ̀ṣọ́ ìlú kan tó léfòó sáàárín ìràwọ̀. Àwọn ẹ̀dá abàmì á máa ya wọlé láti inú òkùnkùn, iṣẹ́ tìrẹ ni láti lé wọn padà.

Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ti yá géèmù náà lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà gba páàdì tí wọ́n fi ń darí eré náà. Àwọn ẹ̀dá abàmì pa á lẹ́nu géètì àkọ́kọ́ ìlú náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa á. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ rí ẹni tó pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bó ṣe máa rí títí dé òpin nìyí? Kéèyàn máa yìnbọn ṣáá?"

"Èmi náà ò tíì dé òpin. Àwọn tó débẹ̀ ní ó yàtọ̀. Jẹ́ ká jọ gbá a lọ́jọ́ Sátidé."

"Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ kó èrò mi fún ìyá olùkọ́."

"Kọ ọ́ nígbà náà pé o ò tíì gbá a tán. Ṣebí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló máa ka èrò ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀ lẹ́nu géètì? Ó wọ yàrá lọ, ó gbé bírò. Ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi ẹ̀rọ: "Mo gbá Ẹ̀ṣọ́ Òfuurufú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbọn ló fi bẹ̀rẹ̀, ìbọn ló fi parí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú orí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kan agolo òfìfo, kí ẹ sì tẹ́tí."

Lọ́jọ́ kejì tí ìwé náà dé orí pátákó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹnìkan wà ní kíláàsì wọn tí kò rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́sẹ̀-funfun ni wọ́n ń pè é, nítorí sìmẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó pẹ́ lórí ibùsùn, géèmù yẹn ló sì bá a ṣe ọ̀rẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yọjú sí i. Ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ ni, síbẹ̀ ó ti lọ bá ìyá olùkọ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì, òun fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn bí wọ́n ṣe hun ìtàn inú géèmù náà. Kí aago ìsinmi tó lù, wọ́n ti ń kan agolo ohun mímu létí rẹ̀. Ó lọ ní kí ìyá olùkọ́ yọ orúkọ òun kúrò.

Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wá sí ìdí tábìlì Kò-dá-mi-lójú.

"Jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan," ó ní. "Nígbà tí ìlẹ̀kùn ìkẹyìn ṣí, kí lo ṣe?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí wọn.

"Mo yìnbọn," ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

Ọmọkùnrin náà wò ó, kò bínú. "Kì í sí ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó bá débẹ̀. Wọ́n á ti gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Kò-dá-mi-lójú ṣí ìwé rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí olùkọ́. Ìyá olùkọ́ pè é sí ọ́fíìsì. "Ṣé o gbá a tán?"

"Rárá, mà."

"Kí èrò ẹ korò bí ewúro, kò kàn mí. Irọ́ ni mi ò ní jẹ́ kó wà lórí pátákó." Ó ti já ìwé náà kúrò. "Ẹlòmíràn ló máa kọ igun yẹn títí táàmù yìí fi máa parí."

"Ṣé mo lè tún un kọ, mà?"

"Tún un kọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ yàrá àlejò. Wọ́n pa á títí àtàǹpàkò fi ń ro ó. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀dá náà mú un, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu ìlẹ̀kùn kan. Ìlẹ̀kùn ṣí. Yàrá ló wà níbẹ̀, yàrá tó ti yìnbọn kọjá lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìwò ó. Ó wá wò ó báyìí. Àwọn bẹ́ẹ̀dì náà gùn, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Kò sí ara èèyàn tó lè sùn sórí wọn.

"Ilé wọn ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Àwọn ló ni ìlú látilẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gbé páàdì sílẹ̀. Ojú ń tì í, ìtìjú náà kì í sì í ṣe ti géèmù nìkan.

Ohun tó kọ lẹ́yìn náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun purọ́, géètì àkọ́kọ́ ni òun dé. Ó sọ pé òpin géèmù náà jinlẹ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kò tìtorí ìtìjú yin ohun tí kò wù ú: ó ní eré tó bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọ ní gbogbo ìgbà tí o bá pa ẹ̀dá kan, tó wá bi ọ́ nígbẹ̀yìn ìdí tí o fi pa á, alágàbàgebè ni. Abẹ́ èsì ìdíje bọ́ọ̀lù ni ìyá olùkọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èèyàn díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á.

Kò-dá-mi-lójú lọ bá Ẹlẹ́sẹ̀-funfun. "Má bínú. Mo ba ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́."

"Mo ti kà á," ni ọmọkùnrin náà wí. "O ò tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ yẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni, kó lè dùn ẹ́ tó bá yá."

"Mi ò gbà."

"Mo mọ̀ pé o ò ní gbà."

"Wá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ nígbà náà, kí n wá ta kò ẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin náà wá lóòótọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ẹnìkan lẹ́yìn fi ìka kan tábìlì, kó, kó, kó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Kò-dá-mi-lójú, tó jókòó níwájú, nawọ́ sókè.

"Ta ló gba ìbọn náà lọ́wọ́ ẹ?" ó bi í. "Ṣé ọ̀gá wọn ni àbí ọmọdé? Mi ò rí i dáadáa."

Ọmọkùnrin náà wò ó. "Ọmọdé ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀." Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ títí aago fi lù, ìbéèrè sì ń bọ́ lù ú láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń kan tábìlì.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn ni. Kéèyàn ṣiyèméjì kò burú. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀tàn mú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan ò dáa, kó kọ́kọ́ rìn dé ìdí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu géètì lo ti padà, sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.