Òórùn Tí Ọṣẹ Fọ̀ Dànù

"Màmá Àgbà, ẹ má jẹ́ kó lá a! Ó ti fi itọ́ ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́!"

Maren, ọmọ ọmọ mi, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé àgùntàn wa ní Montana. Àgùntàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń fi ahọ́n lá ọmọ rẹ̀. Èmi ò ráyè tirẹ̀. Ìdí mi ńlá ti há sáàárín pákó méjì bí ìdérí sẹ́nu ìgò.

"Fi í sílẹ̀! Báyẹn ni ìyá ṣe ń mọ ọmọ. Wá fà mí jáde ná, jàre!"

Ó fà mí jáde, a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Tessa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Tessa yìí ló máa ń dimú bí Maren bá wọ kíláàsì pé, "Ta ló kó àgùntàn wọlé o?" Bí mo ṣe lọ gbé koríko, Maren gbé ọmọ ẹran náà, ó fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀ ẹ́ títí ó fi funfun bí yìnyín.

Fọ́tò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá ọmọ padà, ìyá gbóòórùn rẹ̀, ó fi orí kàn án ṣubú. A fi wàrà ìyá pa á lára kí òórùn rẹ̀ lè padà, síbẹ̀ ìyá kò gbà á. A fi ìgò bọ́ ọ lẹ́bàá sítóòfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru.

Dókítà ẹran tí a pè dé, ó mi orí. "Ahọ́n àti ọmú ìyá ló ń kó kòkòrò àìfojúrí rere sínú ọmọ. Àwọn onímọ̀ kan rò pé bóyá kòkòrò wọ̀nyí wà lára ohun tó kọ́ ẹranko láti ayébáyé pé kó dúró ti ọmọ rẹ̀. Ẹran tó bá fara mọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń kó wọn ràn án, ọmọ rẹ̀ á sì yè."

"Àṣé àwọn kòkòrò yẹn ló ń jẹ́ kí n máa fẹnu ko Maren ní ìdí nígbà tó wà ní jòjòló!"

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹran náà kú sọ́wọ́ Maren.

Níbi tiwa, bí ọmọ àgùntàn bá kú, a máa ń bó awọ rẹ̀ wọ ọmọ òrukàn, kí ìyá lè gbóòórùn ọmọ rẹ̀ kó sì gbà á. Maren gbé òrukàn kan wá, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ bó o, Màmá Àgbà. Kí ìyá ṣáà rí ọmọ tọ́."

Mo gbé òkú náà símú. Ọṣẹ ni.

"Ọmọ mi, kò sí òórùn ìyá lára awọ yìí mọ́."

Fóònù rẹ̀ dún. Tessa ni: "Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn fọ́tò wa!" Maren dojú fóònù bolẹ̀. Lóde, ìyá àgùntàn dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń ké pe ọmọ tó fúnra rẹ̀ kàn dànù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má torí ẹnu ọ̀rẹ́ fọ ohun tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀ dànù. Omi tó bá ti dànù, kò ṣeé kó mọ́.