Ẹnu Ànúolúwa Kò Rùn

Kò sí awakọ̀ tó lè gbé èrò kúrò ní èbúté Òde-Omi lójú Baba Olúsànyà, olórí èbúté náà, láì kọ́kọ́ la ẹnu.

"Jubril, hàá!" ni Baba máa ń wí.

Jubril á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí oúnjẹ, Baba á sì sún imú mọ́ ọn.

"Baba, mùsùlùmí ni mí o! Mi ò fẹnu kan ọtí láyé mi."

"Ẹnu ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Imú ló ń jẹ́rìí. Máa lọ, ẹja àná nìkan ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ fọ ẹnu ẹ."

Àwọn èrò á bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀fọ̀ ló bí àṣà yẹn. Ẹ̀gbọ́n Baba ló mu ògógóró yó lọ́jọ́ kan, tó tu ọkọ̀ jáde sórí ọ̀sà. Ọkọ̀ nìkan ló padà wá. Láti ìgbà náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn fún ọtí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀.

Bí wọ́n bá wá gúnlẹ̀ tán, tí òtútù omi ti wọ eegun, Baba á bu ògógóró fún ẹni tó bá ń mu ún, ìdérí ìgò kan tàbí méjì. "Èyí kì í ṣe ọtí," ni wọ́n máa ń wí ní Òde-Omi. "Aṣọ òtútù ni."

Inú àṣà yìí ni wọ́n bí Rachel, ọmọ Baba Olúsànyà, sí. Nígbà tó relé ọkọ ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ń ta ẹja yíyan, ó gbé àṣà náà dání. Àwọn onígẹdú àdúgbò rẹ̀ a máa mu páragà láàárọ̀ kí wọ́n tó kọjú sí igi. Rachel á fọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ kó egbò sínú ọtí, ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ oògùn!"

"Ìyá Ànú, ògógóró tiyín létí omi ńkọ́? Omi àdúrà ni?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ìlú tó ń gbóòórùn ẹnu ara rẹ̀.

Ànúolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Rachel bí, wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọkàn ìyá kò balẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa àwọn ọmọ tó ń gbé ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ọmọ bá ti wálé, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, Rachel á gbá a mọ́ra, á ní, "Hàá!"

Ẹnu Ànúolúwa kì í rùn. Òórùn súìtì olómíǹtì ló máa ń jáde níbẹ̀. Ọkàn Rachel á sì tutù bí omi àmù.

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé ní ọdún kejì, ara ọmọ náà yí padà. Ó ń sùn lórí abọ́ ìkọ́kọrẹ́, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń họ ara. Oúnjẹ kì í wù ú, bẹ́ẹ̀ ni ike mínírà kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń mu ún.

"Ànú, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, màámi. Ìwé tí mò ń kà ni."

Rachel gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Míǹtì. Ó ní, "Ọpẹ́ ni." Ó sì pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì lọ kí Baba. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ pa wọ́n lórí omi, wọ́n dé èbúté pẹ̀lú eyín tó ń gbá ara wọn. Inú Baba dùn láti rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bu ògógóró sínú ìdérí, ó nà án sí Ànúolúwa.

"Ìyá mi, gba aṣọ òtútù."

Ànúolúwa fà sẹ́yìn. "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kó wà."

"Háà, Àgọ́-Ìwòyè ti sọ ẹ́ di ará òkè!"

"Gbà á jàre," ni Rachel wí. "Má dójú ti Baba."

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó gbà á, ó mu ún. Baba bu èkejì fún un.

Kò pẹ́ tó fi sùn lọ lórí ẹní.

Jubril, tó jókòó nítòsí, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń hanrun! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ò tó o."

Lójijì, ìhanrun náà dákẹ́. Rachel bojú wò ó. Ètè ọmọ rẹ̀ ti ń dúdú bí ẹni tí aró ta sí lẹ́nu. Ó mì í, kò mira.

"Ìdérí méjì péré!" ni Baba ń ké. "Ìdérí méjì kì í pa èèyàn! Ẹ gbé epo pupa wá!"

Jubril ti sáré tete lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Òun àti nọ́ọ̀sì Hasanat ló jọ sáré dé.

"Ẹ má da epo sí i lẹ́nu!" ni Hasanat pariwo. "Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ."

Ó ká ìpéǹpéjú Ànúolúwa sókè. Ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

"Kí ló lò?"

"Ògógóró ni, ọmọ mi kì í mu nǹkan mìíràn," ni Rachel wí. "Mò ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀!"

"Ìyá, oògùn tó ń ṣe báyìí kì í rùn. Ẹ tú báàgì ẹ̀."

Rachel tú u dà sílẹ̀. Láàárín ìwé àti aṣọ, ìgò oògùn ikọ́ oníkodíìn mẹ́ta ló yí jáde. Méjì ti gbẹ.

Hasanat ti gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí síni nínú bo imú àti ẹnu ọmọ náà. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, Jubril fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì sáré, Rachel sì di ìgò òfìfo náà mú kí dókítà lè rí i. Kò gbàdúrà gígùn. "Mí, Ànú. Mí," ni gbogbo ohun tó ń wí títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun kodíìn lára. Ànúolúwa fa èémí gígùn kan, ó lajú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ jáde. Ikọ́ gidi ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀rẹ́ kan nílé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní oògùn náà. Ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù ìdánwò kan tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ náà bá a lọ. Ó tún rà. Ó ń dà á sínú mínírà.

"Màámi, mo mọ̀ pé ẹ máa gbóòórùn ẹnu mi," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi mutí."

Rachel di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Baba ló fọhùn. "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu ú."

"Baba, ẹ ò mọ̀ ni," ni Hasanat dá a lóhùn. "Létí omi, ògógóró ni ojú yín mọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, páragà ni. Láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, kì í ṣe gbogbo wọn o, oògùn ikọ́ ni fún òmíràn, tiramadó ni fún òmíràn, igbó ni fún òmíràn. Kálukú ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiẹ̀, ewu wá gba ojú fèrèsé wọlé. Kodíìn ń dín èémí kù. Ọtí náà ń dín in kù. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ara kan, èémí lè dúró pátápátá."

"Ṣé kí n mú un kúrò nílé ìwé ni?" ni Rachel béèrè. "Ṣé kí n tì í mọ́lé?"

"Ẹ má tì í mọ́ ibì kankan. Kì í ṣe ọmọkọ́mọ, ara rẹ̀ ló ti mọ́ oògùn lára. Ìtọ́jú wà fún un. Ẹ jẹ́ ká jọ máa mú un lọ."

Wọ́n sì ń mú un lọ. Kò rọrùn, ó ṣubú padà sínú oògùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n ó ti padà sí kíláàsì.

Ní èbúté Òde-Omi, Baba Olúsànyà ṣì ń wí pé, "Jubril, hàá!" Ṣùgbọ́n ó ti fi nǹkan kún un: "Wo ojú mi. Oorun ńkọ́? Kí lo lò lónìí?" Bí wọ́n bá sì gúnlẹ̀, omi ata ilẹ̀ gbígbóná ló ń bù fún èrò. Jubril ní Baba ti di dókítà tí kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin alágbàtọ́, bí ọmọ yín bá ń gbé ìlú mìíràn, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ má fi ti ìlú yín díwọ̀n. Bí ọmọ bá ń tòògbé ṣáá, tó ń họra, tí ọmọlójú rẹ̀ kéré, ẹ má dúró de òórùn. Oògùn tí dókítà kò kọ fúnni, ẹ má jẹ́ ká lò ó, ẹ má sì fi ọtí lé oògùn, ì báà jẹ́ ìdérí kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sùn tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó lò. Ìtìjú kì í sọ òkú di alààyè.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù: ẹnu tí kò rùn lè ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́.