Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Lórí Sàréè Àkànbí

Láàárọ̀ kùtù ni Ìfẹ́dayọ̀ kú, lórí ìjókòó, láìdùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn bíríkìlà tí ó jẹ́ fọ́máànù fún rò pé ó ń tòògbé ni. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kàn án léjìká, tó ṣubú gbì bí àpò sìmẹ́ǹtì, ni wọ́n figbe ta. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà ti dárúkọ ẹni tó pa á.

"Oyèbísí ni! Ṣebí ó ṣépè fún un lánàá?"

Lóòótọ́ ló ṣépè. Opó ni, ẹja ló ń yan létí ọ̀sà, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ni wọ́n sin Àkànbí ọkọ rẹ̀ sí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà láìsọ fún un. Àwọn tó rà á fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́jọ sí i, ọgọ́rùn-ún fúláàtì, ní àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì kì í lè kọjá lára wọn. Àwọn ará àdúgbò pariwo títí. Wọ́n ní omi òjò tí kò ríbi gbà tẹ́lẹ̀, inú yàrá àwọn ni yóò máa wá sùn. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Nígbà tí Ìfẹ́dayọ̀ wá da kọnkéré bo sàréè náà, Oyèbísí já gèlè lórí, ó kúnlẹ̀ sínú kọnkéré tútù.

"Ìwọ tí o tẹ ọkọ mi mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á gbé ọ mì!"

Ìdí ààrò ló wà tó fi gbọ́ ikú náà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ju bó ṣe rò lọ.

Alága àdúgbò, Alhaji Ràmọ́nù, yọ́ wá bá a. "Ìyá, mi ò bi yín ní nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà ti ń sá. Ohun tí ariwo wa ò lè ṣe, ẹ̀rù ń ṣe é."

"Ṣé mo ti sọ pé èmi kọ́ ni?"

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Oyèbísí ti ń da ìfun ẹja sórí kọnkéré. Àwòdì wá, kannakánná wá, wọ́n bà sórí àwọn igi tí àwọn bíríkìlà ń gùn, wọ́n ń han. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Oyèbísí á dúró sáàárín wọn nínú aṣọ funfun, á máa pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ó mọ orúkọ wọn. Oníbàárà ẹja rẹ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ dúró. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ra ẹja rẹ̀ láìnájà.

Àfi bí ara Ameer ṣe gbóná. Ọmọ Fareedah ni, ayálégbé inú ilé Oyèbísí. Ẹ̀yìn ìyá arúgbó yìí ló máa ń sùn sí bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà. Gìrì mú un. Fareedah sáré jáde, kò sì fi "ẹ" sọ̀rọ̀ mọ́.

"Tú ọmọ mi sílẹ̀! O jẹ fọ́máànù, o ò yó?"

"Fareedah, èmi tí mò ń pọ̀n ọ́n?"

"Ta ló ń bá ẹyẹ ṣèpàdé?"

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lánàá ṣa òkúta. Alhaji Ràmọ́nù ló dá wọn dúró. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Oyèbísí wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò, níwájú aṣojú àwọn tó ń kọ́lé.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú wá kan ilẹ̀kùn Oyèbísí. Ìbíyẹmí, ìyàwó Ìfẹ́dayọ̀, ni.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Dókítà ti sọ fún ọkọ mi tipẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ò dáa, kó sinmi. Kò gbọ́. Mo fẹ́ bá yín lọ sọ fún wọn, kí wọ́n má baà pa yín."

Oyèbísí wo ojú rẹ̀ tó ti wú fún ẹkún. Ó wo kọnkéré lẹ́yìn fèrèsé.

"Má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, ọ̀la ni wọ́n á padà sórí ọkọ mi."

"Ọkọ tèmi ńkọ́? Ṣé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ pé àjẹ́ ló pa bàbá àwọn?"

"Kí wọ́n máa gbọ́ ọ. Òun ló tẹ Àkànbí mọ́lẹ̀."

Ìbíyẹmí dìde. "Ẹ kì í ṣe àjẹ́, Ìyá. Ìkà ni yín." Ó lọ, kò sì yà sí ìpàdé.

Níbẹ̀, gbogbo ojú wà lára Oyèbísí. Aṣojú àwọn tó ń kọ́lé ń nu òógùn. Ameer wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀; oògùn ọsibítù ti mú ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó rí ìyá arúgbó náà, ó na ọwọ́ sí i.

"Ìyá," ni Alhaji Ràmọ́nù bi í, "ṣé ẹ lọ́wọ́ nínú ikú Ìfẹ́dayọ̀?"

Oyèbísí gbé ojú kúrò lára ọmọ náà.

"Èmi ni mo pa á. Ẹ wá fọ́ kọnkéré yẹn kúrò lórí ọkọ mi. Ẹni tó bá tún da òmíràn sí i, màá pa òun náà."

Fareedah yí ẹ̀yìn padà kíá kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i mọ́.

Wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n kó irin wọn, wọ́n kó igi wọn, wọn ò sì padà wá. Kò sẹ́ni tó lé Oyèbísí kúrò. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Fareedah kó lọ sí Ọbáníkòró. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ lórí ààrò láìsí ẹni tó rà á. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Oyèbísí bá jókòó ti sàréè, àwọn tó ń kọjá máa ń kúnlẹ̀ kí i láti òkèèrè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá wa."

Kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ìdáhùn.