Ohun Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìmọ́lẹ̀

Láti orí àkàbà ni Anselm Rieder ti kọ́kọ́ rí i: obìnrin kan tó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, tó tẹ́tí mọ́ àgbá irin bí ẹni ń gbọ́ mímí ọmọ tó sùn. Wẹ́dà ni Anselm. Páìpù kan tó ń jò ló gbé e wá sí ibùdó ìwádìí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Geneva.

"Kí lẹ tọ́jú síbẹ̀?"

"Átọ́ọ̀mù ogún," Odile Perroud dáhùn. "Òdì àwọn tó wà lára yín. Òòfà ló gbé wọn dúró láàárín òfìfo. Bí wọ́n bá fi lè kan irin báyìí, àwọn àti ohun tí wọ́n kàn á di ìmọ́lẹ̀, ó parí."

"Bí èmi àti ìyàwó mi àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Àwa ò tiẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀."

Odile rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nídìí ọbẹ̀, ó ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀, èròjà àti òdì rẹ̀ dọ́gba. Ó yẹ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù, ẹyọ kan ṣẹ́kù.

"Ẹyọ kan yẹn ni ìràwọ̀, òun ni òkè Alps, òun ni ọbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń mu yìí. Kí ló dé tó fi ṣẹ́kù? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n yàtọ̀ níbì kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá a."

Kí yìnyín tó bọ́, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn.

Nínú oṣù Kẹta, àbájáde ìwádìí Odile jáde: ọgbọọgba ni èròjà àti òdì rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, bàbá Odile ṣubú nílé màlúù, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Odile di ẹrù rẹ̀ láti lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ àti àwọn màlúù lókè Gruyère.

"Má tẹ̀lé mi, Anselm. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá ṣòfò. Mi ò fẹ́ fi tìẹ kún un."

Anselm fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹrin, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òkè Gruyère.

Bàbá Perroud wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ni wẹ́dà yẹn? Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé nǹkan wà níbi tí ọmọ mi ń wá yẹn?"

"Bàbá, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí èmi náà tó rí ibi tí páìpù ti ń jò, ibi tí kò jò ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí Odile bá ti yẹ̀ wò, kò sẹ́ni tó tún ní láti wá a níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ gidi nìyẹn."

 Bàbá kọjú sí Odile, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá wàrà. "Ìwọ alára ò ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún mi rí. Ọmọ àbúrò mi á máa fún wàrà. Padà síbi iṣẹ́ rẹ."

Odile gbé korobá sílẹ̀. "Anselm, tí mi ò bá rí i títí mo fi darúgbó ńkọ́?"

"A jọ máa darúgbó ni. Màá máa se ọbẹ̀ dè ọ́."

"Ọbẹ̀ rẹ ò dùn."

"Fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ní gbọ̀ngàn ìlú, nínú oṣù Kẹsàn-án. Bàbá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn wá. Lọ́jọ́ Ajé, Odile padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàtọ̀ náà níbòmíràn.