Ohùn Tó Ń Bá Lọpẹ́ Kàwé

"Ẹ̀jẹ̀ ti rìn ká gbogbo ara, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ohùn Gbémiga ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí Lọpẹ́, bí òjò tó ń kan páànù lókèèrè. "Ó wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún ọkàn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó wá kọrí sí ẹ̀dọ̀fóró láti lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun..."

Lọpẹ́ di ojú. Ó na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, íápíìsì wà létí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ìbàfò sì rọra ń gbé kọ́tìnnì sókè sódò. Lójú tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Arẹwà obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ pupa tó ń wọ́lẹ̀, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá ọkùnrin tó ni ohùn yìí kiri.

Tolúwalọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó kàwé dókítà gboyè lókè òkun, níbi tí yìnyín ti máa ń bo òrùlé. Àmọ́ ẹni tó bá kàwé dókítà lọ́hùn-ún tó sì padà wálé kò gbọdọ̀ tọ́jú aláìsàn àfi tó bá yege nínú ìdánwò àjọ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi wọ́n níbẹ̀: egungun àti iṣan, ọkàn àti ẹ̀dọ̀, àrùn àti oògùn. Lọpẹ́ ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé tó bá tún fìdí rẹmi, kó gbàgbé iṣẹ́ dókítà, kó wá máa bójú tó ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tí òun dá sílẹ̀.

Níbi ẹ̀kọ́ ìgbáradì ní Mòwé ló ti pàdé Gbémiga. Òun náà ti òkè òkun dé, ìdánwò kan náà ló sì ń dúró dè é. Ó ga níwọ̀n, eyín rẹ̀ funfun báláú, ohùn rẹ̀ sì dà bí oyin ìgàn. Bó ṣe máa ń kàwé ni pé á kà á sókè, á sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Nígbà tí ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Lọpẹ́ lórí Wasáàpù.

"Màá kà á fún àwa méjèèjì, bébì mi," ló wí. "Ìwọ ṣáà máa gbọ́. Má fìwé da ojú ẹ tó rẹwà yẹn láàmú."

Lọpẹ́ bá pa ìwé dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí Lọpẹ́ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, àbúrò rẹ̀ Àyànfẹ́, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá níléèwé girama, yọjú sí yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, rédíò Gbémiga lẹ tún ń gbọ́?"

"Kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí. Ìwé ni mò ń kà."

"Ó dáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró, ibo ló ń lọ?"

Lọpẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè àjà. "Ibẹ̀ gan-an ni Gbémiga ti wúkọ́."

Àyànfẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ bá wa wúkọ́ fún àwọn olùdánwò náà o! Bóyá wọ́n á fún yín ní máàkì."

Lọpẹ́ ju ìrọ̀rí lù ú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún tẹ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá wọn ní kí Lọpẹ́ lọ wo ìyá àgbà tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Ifọ̀. Ohùn Gbémiga ló bá a wọkọ̀, òun ló bá a kọjá Òkè-Àró, títí wọ́n fi dé Ifọ̀. Ìkúukùu funfun ń fò lókè, Lọpẹ́ sì ń bá wọn fò.

Màmá jókòó sórí àga nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Lọpẹ́ kúnlẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Dókítà mi! Alihamudulilahi, Ọlọ́run ló rán ẹ wá," ni Màmá wí, ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é. "Wo ẹsẹ̀ mi. Ó wú bí búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ omi. Kí ló fà á?"

Lọpẹ́ tẹ ẹsẹ̀ náà. Ìka rẹ̀ wọlé, ojú ibẹ̀ sì jin. Ó mọ̀ pé Gbémiga ti ka ẹsẹ̀ wíwú. Ó wá a nínú orí rẹ̀, ohùn dídùn náà sì dáhùn lóòótọ́: "Ẹsẹ̀ wíwú... kíndìnrín..." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín ló gbọ́, àti ibi tí Gbémiga ti mí kanlẹ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n Màmá ti pè é ní dókítà, ojú sì tì í láti sọ pé òun ò mọ̀.

"Màmá, ó jọ pé kíndìnrín yín ló ń daṣẹ́ sílẹ̀."

Ojú Màmá ṣú. "Kíndìnrín? Irú èyí tó pa Ìyá Kúlúsúmù?" Ó fa tẹ̀súbáà rẹ̀ mọ́ra. "Ó ti tán. Ẹ bá mi pe àwọn ọmọ mi wá o. Ẹ pe gbogbo wọn!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ti ń dún ní gbogbo ilé àwọn mọ̀lẹ́bí. Àwọn kan ń sunkún. Màmá kò jẹun, kò sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ní kí ló kù tí òun ń lo oògùn fún.

Bàbá Lọpẹ́ gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Kíndìnrín Màmá kò ṣe nǹkan kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ló ń jẹ́ kí omi máa jò láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ sí ẹsẹ̀. Dókítà náà pààrọ̀ rẹ̀, ó sì bá Màmá wí pé kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣàdédé lọ sókè lè dá èèyàn wólẹ̀.

Nígbà tí bàbá Lọpẹ́ dé Ìbàfò, kò pariwo.

"Tolúwalọpẹ́, àṣẹ tí o ò tíì gbà, ṣé bí o ṣe fẹ́ lò ó nìyẹn?"

Lọpẹ́ wọ yàrá. Ó wá ohùn Gbémiga kàn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ́tí sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kedere: "Ká tó sọ pé kíndìnrín ni, ẹ kọ́kọ́ bèèrè oògùn tí aláìsàn ń lò." Kò mọye ìgbà tó ti tẹ ohùn yìí. Kò gbọ́ gbólóhùn náà rí.

Ó pe Màmá, ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ sí Mòwé. Gbémiga ń dúró dè é lẹ́bàá ilé tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ó mú ohun mímu tútù méjì dání.

"Gbémiga, jọ̀ọ́, má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi mọ́ títí a ó fi ṣèdánwò."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Ṣé o ti rí ẹlòmíràn ni?"

"Kò sẹ́lòmíràn. Ohùn ẹ ló dùn jù. Ohùn ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Èmi tí mo ń fi ọ̀fun mi ràn ẹ́ lọ́wọ́!"

"Ọ̀fun ẹ ló ń kàwé. Etí mi, ijó ló ń jó."

Gbémiga gbé ohun mímu méjèèjì fún un, ó yíjú, ó sì lọ. Lọpẹ́ dúró lẹ́bàá títì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé bóyá ìfẹ́ òun ló ń lọ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣí ìwé. Ó ń kà á sókè fúnra rẹ̀, Àyànfẹ́ sì di ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò ṣàánú rẹ̀ rárá.

"Kò yé mi. Ẹ tún un sọ."

"Àyànfẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò fi yé mi nìyẹn."

Ibi tí kò bá ti yé Àyànfẹ́, Lọpẹ́ máa ń rí i pé kò yé òun náà, á sì padà sínú ìwé. Díẹ̀díẹ̀, arẹwà aláṣọ pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà: láti ẹ̀dọ̀fóró sí yàrá òkè lápá òsì, sí yàrá ìsàlẹ̀, ó di gbogbo ara.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. Gbémiga ló kọ̀wé ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: "Mo ti ka ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, ó dùn gan-an. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Etí Lọpẹ́ ń pòǹgbẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ó tẹ èsì ránṣẹ́ padà: "Rárá. Ṣùgbọ́n wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni màá kà, ìwọ ni wàá gbọ́."

Gbémiga wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀, ó sì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Lọpẹ́ ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ.

"Ó yá, kí ni mo sọ?" ló bi í.

Gbémiga wò ó bọ̀ọ̀. Ó họ orí. "Lọpẹ́... n ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú ẹ ni mo ń wò."

Àyànfẹ́ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ pariwo ẹ̀rín, àwọn méjèèjì sì bá a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Gbémiga dìde. "Ó ti yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ kàwé mi nílé. Tí a bá ṣèdánwò tán, màá wá wo ojú náà dáadáa."

Wọ́n ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì jáde, ilé Màmá Ifọ̀ ni Lọpẹ́ wà, ó ń bá a gé èékánná ẹsẹ̀. Gbémiga ló kọ́kọ́ pè é láti sọ pé òun yege, òun sì rí orúkọ Lọpẹ́ náà lára àwọn tó yege. Kó tó lè dìde, fóònù Màmá dún.

"Ẹ bá mi fún Dókítà ní fóònù," ni ohùn bàbá rẹ̀ wí ketekete látinú fóònù náà.

Lọpẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bèèrè, àṣé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìfẹ́ dára, kò sì burú kí ohùn olólùfẹ́ dùn létí ẹni. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí olólùfẹ́ fẹ́ràn ẹni tó, kò lè bá ẹni jẹun kí ikùn ẹni yó. Ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi ojú ara yín kà á, ẹ fi ẹnu ara yín ṣàlàyé rẹ̀. Bí kò bá sì tíì yé yín, ẹ má tijú láti sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.