Ohùn Ìyá Nínú Ilẹ̀kùn Mọ́kànlá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fadérera pe ọmọ rẹ̀ sínú Ẹnu-Àpò lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ ọ̀hún ò yanu.

"Àlàó," ó tún wí. "Àlàó, ọmọ mi."

Iná pupa kékeré kan tàn, ó sì kú. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo ìlú Òkè-Pupa wà, lórí ìràwọ̀ pupa tí àwọn bàbá ńlá wọn fò lọ. Àpò Ìlera ló ń tọ́jú gbogbo aláìsàn ibẹ̀, torí gbogbo ilé ló ń dá sí i. Ẹnu-Àpò ni ihò tí oògùn ti ń jáde lára ògiri. Kì í béèrè ìwé. Ohùn ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́; àgbàlagbà á pe orúkọ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá á pe oríkì ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gba ohùn náà pamọ́. Ohùn yìí kan náà ni wọ́n fi sínú gbogbo ilẹ̀kùn ìlú. Ilẹ̀kùn á gbóòórùn ọmọ, á ṣí, á sì fi ohùn ìyá rẹ̀ kí i, kí ẹ̀rù má baà bà á láwọn ọ̀nà gígùn abẹ́ ilẹ̀.

Àbẹ̀ní ni Fadérera pè lọ́jọ́ ti Oyinlọlá, ọmọ rẹ̀, torí wọ́n ní obìnrin lòun bí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Oyinlọlá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń wí pé ọkùnrin lòun. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, Dókítà Ayọ̀ká fi kóró ìdádúró sábẹ́ awọ apá rẹ̀. Kóró yìí a máa ní kí ara sinmi ná, kó má tíì di ti àgbàlagbà, títí ọmọ á fi mọ ibi tó ń lọ. Dókítà bẹ ìgbìmọ̀, wọ́n pa àwọn ilẹ̀kùn lẹ́nu mọ́ fún Oyin. Fadérera náà ṣèlérí pé òun ò ní pe Àbẹ̀ní mọ́ láé. Odidi ọdún méjì ló fi mú un ṣẹ.

Àfi bí ìgbìmọ̀ ṣe fi òfin tuntun gba kóró lọ́wọ́ àwọn dókítà, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn Ẹnu-Àpò. Èyí tó wà lápá Oyin sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tán.

Dókítà Ayọ̀ká ló fa Fadérera lọ bá Bàbá Ládépò, olórí ìgbìmọ̀ Àpò.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹ bá wa yí ohùn yẹn padà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

"Ayọ̀ká, ìwọ lo tún dé. Ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ tìẹ. Lọ́wọ́ tèmi, òfin tuntun ní abúlé márùn-ún tó ń dá sí Àpò ló gbọ́dọ̀ jókòó ká tó tọwọ́ bọ Ẹnu-Àpò. Gbogbo wọn ló ni ín."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa jókòó?"

"Ó di oṣù mọ́kàndínlógún sí i."

"Bàbá, ara ọmọ ò lè jókòó dè yín o! Orúnkún yín tí Àpò pààrọ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ṣé abúlé márùn-ún jókòó lé e lórí ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orúnkún náà. "Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni mo pè, ó sì yanu." Ó yíjú sí Fadérera. "Ìyá Oyin, èmi ò bá ọmọ rẹ jà. Àpò náà ò kọ̀ ọ́. Orúkọ tó mọ̀ ló ń dúró dè. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ta ni yóò gbọ́?"

Nígbà tí wọ́n jáde, Dókítà dì í lápá mú. "Ẹ má tíì pè é. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ibi tí ohùn yẹn ń gbà lọ ná."

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, Dókítà ò tíì rí ẹni dá a lóhùn. Oyin dúró níwájú dígí, ó ń fọwọ́ tẹ àyà ara rẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.

"Mọ́mì, ẹ ò ní pè é, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ pè é?" Fadérera ò lè wò ó lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jẹun, ó dá lọ. Ó fẹnu mọ́ ihò ògiri náà bí ẹni ń sọ àṣírí.

"Àbẹ̀ní."

Kíá ni ẹ̀rọ yanu. Kóró náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kò tóbi ju ìrẹsì kan lọ. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lọ: "Ohùn ti wọlé. A ti dá a padà sí gbogbo ibi tó ti wà..." Fadérera ti sá lọ. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wo kóró, ó wo Fadérera. Ó fi í sápá ọmọ. Oyin dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sáré jáde láti lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà ṣí.

"Àbẹ̀ní mi, káàbọ̀, ọmọ mi àtàtà!"

Ohùn Fadérera ni, ẹ̀rín ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé dúró, wọ́n ń wò. Oyin ò padà sílé. Ó sáré lọ síwájú. Ilẹ̀kùn kejì pè é, ẹ̀kẹta pè é, títí dé ìkọkànlá, kó tó dé oko ẹ̀fọ́ ní ìpẹ̀kun ìlú, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, kọ́tìnì rọ́bà nìkan ló wà níbẹ̀.

Bàbá Ládépò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Fadérera. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n so Ẹnu-Àpò pọ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀kùn," ó ní. Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kò jẹ́ kóun nìkan lè pa ilẹ̀kùn kankan lẹ́nu mọ́ mọ́. Ó di oṣù mọ́kàndínlógún.

Gbogbo Sátidé ni Fadérera ń gbé oúnjẹ lọ.

"Apá ò dùn mí, Mọ́mì," Oyin sọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Ara mi balẹ̀. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ná. Tí ẹ bá ti lanu báyìí, ilẹ̀kùn ni mò ń gbọ́."

Fadérera la ẹnu, ó sì pa á dé. Oyin ti aṣọ tó dọ̀tí jáde lábẹ́ kọ́tìnì. Ìyá rẹ̀ kó o, ó dì í mọ́ àyà, ó sì kọrí sílé láti lọ fọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ gbóòórùn aṣọ náà.

"Àbẹ̀ní mi, káàbọ̀, ọmọ mi àtàtà!"

Ó kọjá. Ó ku mẹ́wàá.